Ta Ni Yóò Lu Ìlù Náà?

Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìdánwò ti sún mọ́lé. Nínú ọba tó kọ̀ tí kò búra rárá, àti ọba tó búra níṣojú gbogbo ayé tó wá ń ṣe bó ti wù ú, èwo ló burú jù?

Ẹni tó bá ti wo Ṣaworoidẹ á ti mọ ibi tí mo ti rí ìbéèrè yìí. Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù náà jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì dáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó, ẹ óò rí i pé kò gbó. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Abacha ti kú ní oṣù kẹfà 1998, Abíọ́lá náà sì kú ní oṣù keje. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ ìbọn ló kọ́kọ́ wo fíìmù náà. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Abùjá níbẹ̀. Ìlú kan tó ń jẹ́ Jogbo ni wọ́n fi sọ ìtàn náà.

Ní Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn jọba, wọ́n gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún un. Gbẹ́rẹ́ yẹn ló so orí ọba pọ̀ mọ́ adé idẹ àti ìlù tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ. Ọba tí kò bá sín gbẹ́rẹ́, tó wá dé adé idẹ, tí àyàn sì lu ṣaworoidẹ sí i létí, orí ló máa fọ́ ọ, á sì kú. Lápitẹ́ mọ gbogbo èyí, ó sì kọ̀. Owó ló wá jẹ, kò wá sin ẹnikẹ́ni. Àyángalú onílù gbé ìlù, ó sá kúrò nílùú. Láti ìgbà náà ni Lápitẹ́ ti ń jọba pẹ̀lú ìbẹ̀rù ìlù tí kò mọ ibi tó wà. Àwọn agégẹdú ń gé igbó Jogbo tà, owó ń wọ ààfin, àwọn ìjòyè ń rí tiwọn gbà, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń bínú.

A wò ó tán lórí láptọ̀ọ̀pù nínú yàrá ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin bá ní òun fẹ́ràn Lápitẹ́. Gbogbo wa pariwo lé e lórí. Ó ní ká fara balẹ̀ ná. Ó ní Lápitẹ́ nìkan ni olóòótọ́ nínú fíìmù náà, torí ó mọ̀ pé òun máa jalè, ó sì kọ̀ láti búra pé òun ò ní jalè. Ó ní, “Ẹ mú olóṣèlú kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí wá fún mi.” A wá ẹnì kan tì.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Ìbúra ló kún inú àfikún keje rẹ̀: ti ààrẹ, ti gómìnà, ti mínísítà, ti aṣòfin, ti adájọ́. Ààrẹ àti gómìnà ń búra pé àwọn ò ní jẹ́ kí ire tara àwọn darí iṣẹ́ ìlú tó wà lọ́wọ́ àwọn, wọ́n á sì ní kí Ọlọ́run ran àwọn lọ́wọ́. Ta lẹ gbọ́ rí pé ó kọ̀? Lápitẹ́ bẹ̀rù ìbúra tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí abẹ kan orí òun. Àwọn tiwa á gbé Bíbélì sókè, òmíràn á gbé Kùránì, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹni tó ń sá fún ìbúra ṣì gbà pé ìbúra lágbára. Ẹni tó ń búra bí ẹni ń mumi, kí ló kù tó lè dá a dúró?

Ṣé Lápitẹ́ wá sàn ni? Rárá o. Bó bá jẹ́ olóòótọ́ ni lóòótọ́, ṣebí ọjọ́ tó kọ gbẹ́rẹ́ ló yẹ kó kọ adé pẹ̀lú. Adé ló fẹ́, kò fẹ́ gbẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ohun tí ẹni tó búra èké náà ń wá nìyẹn: adé láìsí gbẹ́rẹ́. Ọ̀kan sọ pé kí wọ́n má sín in, èkejì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ tí kò mú sín in. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀rù ń ba Lápitẹ́ tí ẹ̀rù kò ba àwọn tiwa? Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rù ń ba Lápitẹ́ torí ó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tí ìlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù kò ba àwọn tiwa torí wọ́n mọ ibi tí ìlù wà. Abala 308 nínú Ìwé Òfin kan náà ní a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀daràn gbé ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà tàbí igbákejì gómìnà lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣì wà lórí oyè. Ìwé tó ní kí wọ́n búra náà ló bá wọn gbé ìlù pamọ́ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ẹni tó ń ṣe rere torí ìbẹ̀rù ìlù kò ì ṣe ọmọlúàbí, pé ìwà ló yẹ kó mú un ṣe é. Mo gbà. Ìwà ni ẹwà ọmọ ènìyàn. Àmọ́ ta ló lè wo inú ènìyàn? Ọjọ́ tí a fi ènìyàn joyè, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan la rí. Ìlú tó bá gbé gbogbo owó rẹ̀ lé ìwà rere ẹnì kan lọ́wọ́ ti ta tẹ́tẹ́. Ẹ sì jẹ́ ká rántí nǹkan kan nípa ṣaworoidẹ: ìlù kan náà ni wọ́n ń lù fún ọba tó sín gbẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ọba tó sín gbẹ́rẹ́ á jó sí i, ọba tí kò sín in á ṣubú. Ìlù náà kò bá ọmọlúàbí jà rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi lóye olórí tó ń sọ pé ẹni tó bá bi òun léèrè owó kórìíra òun. Bí ọwọ́ ẹ bá mọ́, bọ́ síta kó o jó, jàre.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò lù ú? Ìjòyè kò lè lù ú. Àwọn ìjòyè Jogbo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igbó ìlú, torí wọ́n ń rí nínú owó rẹ̀ gbà. Ẹnu tó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ọ̀pálábá ń sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó ń pa òwe, ó ń fi àlọ́ kìlọ̀ fún ọba, ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwa tí à ń kọ ewì, Ọ̀pálábá ni ìbátan wa. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀pálábá nìkan kò mú kí ọba fi igi kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ṣé ológun ló máa wá lù ú? Lápitẹ́ fúnra rẹ̀ ló ké sí Lágàta ológun kó wá bá òun pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́. Lágàta dé, ó pa Lápitẹ́, ó sì gbé adé náà lé orí ara rẹ̀. A mọ ìtàn yẹn nílẹ̀ yìí. Àwọn tó gbàjọba ní oṣù kìíní 1966 ní ìwà ìbàjẹ́ ló mú àwọn dé, àwọn ti oṣù kejìlá 1983 náà sọ bẹ́ẹ̀. A tún mọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń ká ọba lọ́wọ́ kò. Bí Aláàfin bá ti kọjá ààlà, Baṣọ̀run ló máa sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́, ọba á sì lọ kú. Agbára yìí ni Baṣọ̀run Gáà di mú tó fi lé ọba kan tẹ̀ lé ọba kan sínú ikú, tóun alára fi wá di ẹrù sí Ọ̀yọ́ lọ́rùn, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré onítàn nípa Gáà, Fálétí yìí kan náà ló ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń lu ìlù kò gbọ́dọ̀ dé adé. Lágàta dé adé láìsín gbẹ́rẹ́, ìlù sì pa òun náà. Àyánníyì ọmọ Àyángalú ló lù ú. Kò bèèrè oyè kó tó lù ú.

Bí a bá sì kọ̀ tí a ò lu ìlù wa, ẹlòmíràn lè bá wa lù ú. James Ibori ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 di 2007. Ní oṣù kejìlá 2009, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Asaba da ẹ̀sùn 170 tí wọ́n fi kàn án nù. Nígbà tó di 2012, Ibori yìí náà fẹnu ara rẹ̀ gbà nílé ẹjọ́ ní London pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13. London kẹ̀! Àwọn mìíràn wà tí a lu ìlù fún nílé níbí. Ilé ẹjọ́ rán Joshua Dariye ti Plateau àti Jolly Nyame ti Taraba lẹ́wọ̀n ní 2018. Nígbà tó di 2022, ìjọba dárí jì wọ́n. Ọwọ́ tó lu ìlù ló tún padà dì í lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n mú un wálé. Mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ wọlé, gbogbo wọn búra, a pàtẹ́wọ́. A dá owó ìwé kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ̀. Ìwé kò jáde, owó kò padà. Nípàdé tó kọjá, mo dìde, mo ní kí akápò ka ìwé ìnáwó fún wa. Alága ní ọ̀rọ̀ mi dára, àmọ́ ìrẹsì ti ń tutù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìrẹsì wọlé, mínírà wọlé, ìpàdé parí. Lálẹ́, bí ẹni márùn-ún wá bá mi ní yàrá, wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n rọra sọ ọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ ọ́.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mi ni akápò. Nígbà tí a wà ní ọdún kìíní, gààrí rẹ̀ la jọ ń mu nígbà tí owó mi bá tán. Kò sọ fún mi pé òun jẹ owó náà, mi ò sì sọ pé ó jẹ ẹ́. Ìwé ìnáwó ni mo bèèrè, torí ìwé yẹn ló lè gbà á lọ́wọ́ ahọ́n àwọn ènìyàn bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò kí mi. A ń pàdé níbi tí a ti ń pọnmi, a ó sì máa wo korobá wa.

Mo ti wá mọ ìdí tí Àyángalú fi ní láti kúrò nílé. Ẹni tí ìlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè máa jẹun láàfin. A máa ń rò pé Jogbo burú torí Lápitẹ́ kò sín gbẹ́rẹ́. Èmi rò pé Jogbo burú fún ọdún tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ torí àwọn tó mọ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí wọn. Ìbúra kì í ṣe ti ẹni tó búra nìkan. Ẹni tó dúró tó gbọ́ ọ, tó pàtẹ́wọ́ sí i, òun náà ti wọ májẹ̀mú. Ìbúra tí kò ní ẹni tó máa bèèrè rẹ̀ lọ́la, ariwo ẹnu lásán ni.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọba méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Ìlú tí wọ́n wà ló lè yàtọ̀. Ìlù tiwa kò ní idẹ lára, kì í sì pa ènìyàn. Ìwé ìnáwó ni, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti ẹni tó máa dìde lórí ìjókòó tó máa ní kí wọ́n kà á sókè.

Ìpàdé kan ṣì kù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa tún bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ mọ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bèèrè kí ìrẹsì tó wọlé.