Orúkọ Tí A Gbẹ́ Sára Àga Ọmọdé

Nígbà tí a bá sàmì fún ọmọ ọwọ́, ẹlòmíràn nínú àwọn onígbọ̀wọ́ a máa rán káfíńtà ní iṣẹ́ àga kékeré, a sì ní kí ó gbẹ́ orúkọ ìsàmì ọmọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀: SAMUẸLI, DANIẸLI, DEBORA. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò: kí ni ó ń sọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ di ohun ìrántí?

Ní ilé kan ní Ìjàn-Èkìtì, a bá ọmọdékùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà. Ó fi ìka tọ lẹ́tà ara àga rẹ̀ títí ó fi ka DANIẸLI já, ó sì bi baba rẹ̀ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Baba dáhùn pé orúkọ inú Bíbélì ni. Ìyá kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ti àwa náà, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ìbá dáhùn bákan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àwọn Hébérù kò jìnnà sí tiwa. Ní ọjọ́ kẹjọ ni a sọ Johanu Onítẹ̀bọmi lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa. Gbólóhùn ọ̀rọ̀ ni púpọ̀ nínú orúkọ wọn, bí tiwa. Daniẹli ni pé Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Natanaẹli ni pé Ọlọ́run fi fún ni; kò ha jọ Olúwafúnmi bí? Debora ni kòkòrò oyin. Ẹni tí kò mọ èyí ka lẹ́tà, kò tíì ka orúkọ.

Àwọn kan yóò wí pé ẹnu a máa gbàgbé, ṣùgbọ́n igi a máa pa orúkọ mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ìrókò a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gbẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà. Ní ọdún 1924 a gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní London. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ, Ògògà sì fi í sílẹ̀ fún wọn, ó gba àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn náà. Ó kú ní ọdún 1938; síbẹ̀, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Ẹnu ni ó pa orúkọ náà mọ́, kì í ṣe igi.

Ẹ tún wo Hana, ìyá Samuẹli. Ẹ̀wù kékeré ni ó ń dá fún ọmọ rẹ̀, ó sì ń mú òmíràn lọ fún un lọ́dọọdún, nítorí pé ọmọ ń dàgbà. Kò fúnni lẹ́ẹ̀kan kí ó sì lọ jókòó. Àga kékeré kì í bá ọmọ dàgbà. Láìpẹ́, àbúrò ni yóò máa jókòó lórí orúkọ ẹ̀gbọ́n. Ohun tí yóò bá a dàgbà ni ọ̀rọ̀ tí onígbọ̀wọ́ ń bá a sọ.

Nítorí náà, a gbà pé orúkọ tí a gbẹ́ sára àga kì í ṣe àmì pé ọmọ ni ó ni àga. Ẹ̀jẹ́ onígbọ̀wọ́ ni a gbẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àga tọrẹ, kí ó kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ náà. Kí ó jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ orúkọ tí ilé fún ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó sì máa wá lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìsàmì, láti sọ fún un ohun tí a ń pè é, títí Bíṣọ́ọ̀bù yóò fi gbé ọwọ́ lé e. Àwọn àgbà wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó di ìjánu náà mú, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Kí Olúwa, ẹni tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ, ràn wá lọ́wọ́ láti mú ẹ̀jẹ́ wa ṣẹ. Àmín.