Kí Ni Mo Tẹ̀ Mọ́lẹ̀?

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Iye tí mo rà á, ìyá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo fẹ́ lọ dúró nínú pápá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí àwọn òyìnbó onírun gígùn lè máa pariwo sí mi létí?

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Rọ́ọ̀kì, ọmọ Yorùbá? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ bi àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ l'Ékòó lẹ́yìn ogun Bìáfúrà, wọ́n á sọ fún yín nípa BLO àti Ofege. Ọmọ iléèwé ni àwọn Ofege nígbà tí wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́. Gìtá oníná ò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Donington Park ni mo lọ, ní Leicestershire, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje ni, pápákọ̀ òfuurufú East Midlands sì fara tì í, tó fi jẹ́ pé bí olórin bá ń kọrin lọ́wọ́, ẹ ó kàn rí ikùn ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lókè. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní Download níbẹ̀, nínú oṣù kẹfà. Oòrùn oṣù kẹfà lọ́hùn-ún kì í tètè wọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á kọjá. Ẹ ó jẹun, ẹ ó tò sórí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ó sùn díẹ̀ lórí koríko, orin ò ní tíì parí. Òjò ti rọ̀ lóru kí n tó débẹ̀, ẹrẹ̀ wá dé kókósẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n ṣí agbo. Bí ẹ ò bá rí i rí: ní iwájú níbi tí èrò ti pọ̀ jù, àwọn ènìyàn á sún sẹ́yìn, àyè á ṣí láàárín. Bí orin bá ti gbóná, wọ́n á ya wọ inú àyè yẹn, wọ́n á máa kọlu ara wọn. Èjìká, ìgúnpá, ikùn. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀: ẹni tó bá ṣubú, gbé e dìde.

Èmi náà ṣubú. Kí n tó mọ̀ pé mo ti wà nílẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti wà lábẹ́ abíyá mi. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, tó tóbi bí ìlẹ̀kùn, fi ẹ̀yìn dí àwọn tó ń bọ̀. Ìgbà tí mo nàró tán ni mo rí i pé ojú mi ò ríran dáadáa. Obìnrin kan dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ sókè, gíláàsì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí kiri kí ẹni tó ni ín lè rí i. Mo gbà á. Ó gbá mi léjìká, ó padà sínú agbo. Kò bi mí lórúkọ.

Ìyẹn wọ̀ mí lára ju orin lọ. Nílé, ká sọ òótọ́, ìbéèrè ló máa ń ṣáájú: ọmọ ta ni? Lóde ìnáwó, aṣọ ẹbí tó o wọ̀ ló máa sọ ẹni tó o bá wá, òun náà ló sì máa sọ bóyá oúnjẹ máa kàn ẹ́. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, ohun tó tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi, wọ́n sì gbé mi.

Ó wù mí kí n dúró síbí. Ó ku ti alẹ́.

Ẹgbẹ́ olórin tí mo tìtorí wọn wá fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé, mo sì fẹ́ wà níwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gba àárín èrò kọjá: "sọ́rì", èjìká, "sọ́rì", ìgúnpá. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ó rọ̀. Ó sì yẹ̀ lábẹ́ bàtà mi, bí ohun tó fẹ́ fà sẹ́yìn. Mi ò wolẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì, mo kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ ní, "Báàgì ni, jàre. Tàbí kóòtù ẹnì kan." Ó ṣeé ṣe. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí mi ò fi wolẹ̀. Tí mo bá wolẹ̀ tí mo rí ọwọ́ ènìyàn, màá ní láti dúró, àyè mi á sì bọ́. Àwọn àwáwí tó kù, pé wọn ì bá tẹ èmi náà, pé àwọn tó wà lẹ́yìn á rí i, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti wá wọn rí.

Lórí ilẹ̀ yẹn kan náà, kí Download tó dé, Monsters of Rock ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1988, èrò tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tí Guns N' Roses ń ṣeré lọ́wọ́, èrò ya síwájú nínú ẹrẹ̀, àwọn kan ṣubú, àwọn mìíràn wó lé wọn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ò dìde mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2000, ní Roskilde, lórílẹ̀-èdè Denmark, ènìyàn mẹ́sàn-án kú báyìí níbi tí Pearl Jam ti ń ṣeré. Àwọn olórin dá orin dúró, wọ́n ń bẹ èrò pé kí wọ́n sún sẹ́yìn.

Ta ló pa wọ́n? Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú èrò yẹn wá láti pààyàn. Kálukú kàn tì díẹ̀ ni, ìwọ̀n ara ẹnì kan. Tá a bá pín ẹ̀bi yẹn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, èyí tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ní tó nǹkan tí a lè gbé lé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ikú ò pín bẹ́ẹ̀. Odidi ló bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwa tá a wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣàì mọ irú èyí: ẹnì kan ṣìsọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni kálukú wa fi bú u, kò sẹ́ni tó rò pé tòun ló dá a lọ́rùn.

Ẹnì kan lè sọ pé, nínú èrò tó fún pọ̀, ara kì í ṣe ti ẹni mọ́. Òótọ́ ni. Bí èrò bá ti le dé ibì kan, ó máa ń gbé ènìyàn lọ bí omi, mi ò sì lè dá ẹni tó bá wà nírú ibẹ̀ lẹ́bi. Àmọ́ èmi ò tíì dé ibẹ̀. Àyè wà fún mi láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ báàgì ni, a jẹ́ pé orí ló yọ mí, kì í ṣe ìwà. Ohun tí mo ṣe ò yí padà: mo pinnu pé mi ò fẹ́ mọ̀. Àwọn àgbà ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ta ni mo fi tèmi pamọ́ fún, nígbà tí èmi gan-an ò mọ ohun tí mo ṣe?

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹni tí wọ́n gbé dìde lọ́sàn-án náà ló kọjá lálẹ́. Wákàtí mélòó ló wà láàárín rẹ̀? Kò tó mẹ́jọ. Ẹrẹ̀ tí mo ṣubú sí ṣì wà lára sòkòtò mi.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé apá ibo la máa dúró sí. Mo ní ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń bu omi. Ó ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé torí báàgì yẹn náà ni?"

Mo ní kó jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tá a máa wọ̀.