MỌ ỌJỌ́, MỌ ÌWỌ̀N IṢẸ́
BÍBÉLÌ KÍKÀ: Nehemáyà 2:1-18, 6:15

Olùfẹ́, ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn ṣètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀? Rárá o! Nehemáyà gbàdúrà, síbẹ̀ nígbà tí ọba bi í ní ìgbà tí yóò padà, ó dá ìgbà fún un. Kí ó tó pe ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ó fi òru yẹ odi Jerúsálẹ́mù wò. Ó mọ ọjọ́, ó sì mọ ìwọ̀n iṣẹ́. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi náà parí.

Bí aṣọ kan yóò bá gba télọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dúró di Ọjọ́ Ẹtì, ìlérí rẹ̀ ti di irọ́. Má fi "Ọlọ́run á ṣe é" bo ìwà ọ̀lẹ mọ́lẹ̀!

Lónìí, mú ìwé tàbí fóònù rẹ. Kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀: ọjọ́ tí yóò parí, àti wákàtí tí yóò gbà. Èyí tó bá ju agbára rẹ lọ, tètè lọ bẹ ẹni tó ni ín kí ọjọ́ tó pé.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti mú ìlérí mi ṣẹ, ní orúkọ Jésù. Àmín.