Ilé Tó Tutù àti Ìṣísẹ̀ sí Mọ́sálásí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó fi ilé ṣe ibùsinmi fún wa, gẹ́gẹ́ bí Ó ti fi yé wa nínú Súrà An-Nahl. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ní Ìbàdàn wa yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń ta ìpín rẹ̀ nínú agbo ilé, tí ó ń lọ ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn odi. Ilé ńlá ni yóò kọ́ síbẹ̀, oòrùn yóò sì sọ ọ́ di ààrò. Ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ yóò máa jẹ owó oúnjẹ ọmọ. Ìyá rẹ̀ tí ó ń tẹ ọ̀pá wá kírun àsùbá kò ní lè wá mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé: ṣebí Banū Salima jìnnà sí mọ́sálásí, tí wọ́n fẹ́ kó súnmọ́ ọn, tí Ànábì sì ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, pé à ń kọ ìṣísẹ̀ wọn sílẹ̀? Òótọ́ ni, ó wà nínú Sahih Muslim. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá. Ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé ni mò ń bá yín sọ.

Ẹ wo ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa. Ògiri rẹ̀ nípọn. Ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Ẹni tí yóò tún un kọ́ lè po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, kí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní búlọ́ọ̀kù, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ ìbòji. Kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Kí fèrèsé wà ní àríwá àti gúúsù, kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí afẹ́fẹ́ lè la iyàrá já. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. Ìwọ̀-oòrùn ni èmi kọ fèrèsé iyàrá mi sí, bíríkìlà sì kìlọ̀ fún mi. Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí mo sùn dáadáa níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ má sì gbé ògiri sé afẹ́fẹ́ mọ́ aládùúgbò. Jibrīlu gba Ànábì níyànjú lórí aládùúgbò títí ó fi rò pé yóò sọ ọ́ di ajogún.

Bíríkì amọ̀ tí a kò fi iná sun ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí Mẹ́dínà, igi dàbínù ni òpó rẹ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ sì bá wọn ru bíríkì. Ta ni nínú wa tí ó wá tóbi ju kí ó dúró ti iṣẹ́ ilé ara rẹ̀?

Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti ta ìpín rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó kọ́kọ́ rí mi lẹ́yìn ìrun. Bíríkìlà àti káfíńtà wà nínú sàfù wa. N ó fi wọ́n hàn án.