ÌRÒNÚ ÒWÚRỌ̀: TA NI IPÒ NÁÀ TỌ́ SÍ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti wà nínú dánfó báyìí, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti dá yín dúró ní Joju tàbí ní Tollgate, ẹ̀ ń fi ojú kan ka èyí, ẹ̀ ń fi ojú kejì wo kọ̀ńdọ́ tó jẹ yín ní ṣéńjì. Olúwa á mú yín dé ibi iṣẹ́ láyọ̀, á sì mú yín padà wálé láyọ̀. Àmín.

Ibi kíkà wa lónìí: Mátíù orí 20, ẹsẹ 1 sí 16. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín kí ẹ kà á fúnra yín. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Láti ọjọ́ Sunday, 16 November, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń bá mi sọ. Ẹni tí kò bá gbọ́, DR Congo ló lé Super Eagles dànù ní Rabat, ní Mòrókò. Àwa la kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ní ìṣẹ́jú kẹta péré, wọ́n dá a padà, ó di ọ̀mì 1-1, ló bá di pẹnárítì. 4-3. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 ti di ti tẹlifíṣọ̀n fún wa, bí ti 2022 náà ṣe rí.

Àríyànjiyàn kò tíì tán di bí mo ṣe ń kọ èyí. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, nílé onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń kóra jọ sí, kódà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Wednesday, ohun kan náà ni: ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí Nàìjíríà dé ibi play-off yẹn rárá? Mo ní kí a fara balẹ̀ wò ó láàárọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni wọ́n pín Áfíríkà sí. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní lọ tààrà. Nínú àwọn tó ṣe ipò kejì, mẹ́rin tó dára jù ló máa lọ play-off. Nínú ìsọ̀rí tiwa, South Africa, Benin, Rwanda, Lesotho àti Zimbabwe ló wà pẹ̀lú wa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá la gbá. Mẹ́rin la ti borí, márùn-ún di ọ̀mì, a fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Benin ló nà wá lẹ́ẹ̀kan yẹn, àwọn aládùúgbò wa tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó gba Ọ̀tà kọjá ń lọ bá.

Zimbabwe ló gbẹ́yìn pátápátá nínú ìsọ̀rí náà, wọn ò sì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan. Síbẹ̀ a ò rí wọn nà. 1-1 ní November 2023. 1-1 ní Uyo, nílé wa níbí, ní March 2025. Ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n dá góòlù náà padà. Ká ní a nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì ni, póíǹtì 21 là bá ní, ta ni ì bá tún máa sọ̀rọ̀ play-off? South Africa ló fi 18 gba ipò kìíní, FIFA sì ti yọ póíǹtì mẹ́ta lára wọn kí wọ́n tó dé 18 yẹn o, nítorí agbábọ́ọ̀lù kan tí kò yẹ kí wọ́n lò lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Lesotho. A rò pé ìyẹn á gbà wá. Kò gbà wá. Nígbà tí a na Benin 4-0 ní 14 October, tí Osimhen gbá mẹ́ta nínú rẹ̀ wọlé, 17 la parí sí, ipò kejì.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Burkina Faso náà ṣe ipò kejì nínú ìsọ̀rí tiwọn, lẹ́yìn Íjíbítì. Póíǹtì mélòó? 21. Tiwa, 17. Ẹ bi ọmọ ọdún méje kí ó sọ ẹni tí ipò náà tọ́ sí.

Ṣùgbọ́n Eritrea ti yọ ara wọn kúrò nínú ìsọ̀rí kan kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ márùn-ún ló kù níbẹ̀ dípò mẹ́fà. Kí òṣùwọ̀n lè bá ara mu, wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá ń fi àwọn ẹni ipò kejì wé ara wọn, àwọn ò ní ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ẹni tó gbẹ́yìn nínú ìsọ̀rí rẹ̀ gbá. Burkina Faso ti na Djibouti 4-1, wọ́n tún nà wọ́n 6-0. Gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n fi ọwọ́ nù dànù. Póíǹtì mẹ́fà lọ, ó ku 15. Àwa ńkọ́? Zimbabwe ló gbẹ́yìn nínú tiwa, ọ̀mì méjì la sì bá wọn gbá, póíǹtì méjì péré ló lọ. 17 di 15. Wọ́n wá wo góòlù: iye tí a gbá wọlé fi méje ju iye tí wọ́n gbá wọlé wa lọ, ti Burkina Faso fi mẹ́fà jù. Góòlù kan ṣoṣo! A lọ sí Rabat, wọ́n lọ sílé.

Ṣé ẹ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀? Ẹni tó lágbára láti na aláìlera, wọn ò ka agbára rẹ̀ sí nǹkan kan. Àwa tí a ò lè na aláìlera, ìtìjú wa ò pa wá lára tó bó ṣe yẹ. Mo bi yín o, ní October yẹn, ta ni nínú wa tó dìde nílé tó ní, “Rárá, kò dáa, ẹ gbé e fún Burkina Faso”? Mi ò rí ẹnì kankan. Ọpẹ́ la ń dá. Àwọn kan tilẹ̀ ní Ọlọ́run Nàìjíríà ò sùn.

Àwọn mìíràn ní ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n máa gbé kalẹ̀ kí ó máa yan ẹni tó yẹ, kí a sinmi ìṣirò. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ti àwọn ọmọ yunifásítì sì gbajúmọ̀ láàárín wọn gan-an. Ìgbìmọ̀ ẹni 13 ló ń jókòó sọ àwọn tí yóò dé ìpele àṣekágbá. Ní December 2023, Florida State ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13, wọ́n sì borí nínú mẹ́tàlẹ́ẹ̀tàlá. Ipò mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fò wọ́n, wọ́n mú Alabama tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀kan, torí pé ọmọ tó ń darí eré fún Florida State ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti 2024, ipò náà ti di 12, bẹ́ẹ̀ ni ìjà ò parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ December lọ́dọọdún ni wọ́n ń jókòó yàn, ariwo sì máa ń sọ. Ká ṣírò ni o, ká yan ìgbìmọ̀ ni o, ẹnì kan á ṣáà sunkún. Ibi tí àga bá ti níye, tí ẹnì kan bá jókòó, ẹlòmíràn á dúró.

Ó yá, ẹ padà sí Mátíù 20. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí Sango.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà níbí, ẹ mọ àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ kùtù. Kásúà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, wọ́n ti tò, aṣọ iṣẹ́ wà nínú ọ̀rá, ìrètí wà lójú. Súpáfáísọ̀ á jáde, á máa nawọ́: ìwọ, ìwọ, ìwọ tó wọ pupa. Àwọn wo ló ń kọ́kọ́ mú? Ẹni tó taagun ni. Ẹni tó mọ̀ lójú ni. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ilé iṣẹ́ ni. Tó bá yá, géètì á tì. Àwọn tó kù á jókòó sídìí ìyá oníbúrẹ́dì àti ẹ̀wà, bóyá wọ́n á tún pe ènìyàn lọ́sàn-án. Bàbá ẹni ọdún 58 wà níbẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà níbẹ̀.

Nínú ìtàn Jésù, nígbà tí ọ̀gá oko náà jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó bi àwọn tó bá níbẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró láìṣiṣẹ́ látàárọ̀. Ìdáhùn wọn ò gùn: ẹnikẹ́ni ò pè wá síṣẹ́. Ẹ kíyè sí i, Bíbélì ò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Dídúró lásán láti àárọ̀, tí wọ́n ń fò ẹ́ mú ẹlòmíràn, iṣẹ́ ni òun náà, ẹ bi ẹni tó ṣe é rí. Ọ̀gá yìí wá san dínárì kan fún wọn, iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà lóòjọ́, iye kan náà tó fún àwọn tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí a máa ń kà kọjá. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsanwó lọ́dọ̀ àwọn tó dé kẹ́yìn. Ká ní ó kọ́kọ́ san ti àwọn ará àárọ̀ ni, wọn ì bá ti gba owó wọn, kí wọ́n gba ilé lọ, inú wọn ì bá sì dùn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i ni. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ojú ni ó sì bá wí nígbà tí wọ́n ń kùn: ó ń bèèrè bóyá oore òun ló sọ ojú wọn di burúkú. Owó wọn pé. Kò rẹ́ wọn jẹ. Àpò ẹlòmíràn tí wọ́n wò ló kó bá wọn.

(Kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan má sì fi orí yìí bo ara rẹ̀ o. Ọ̀gá inú Bíbélì fi kún owó ẹni tó kẹ́yìn ni, kò yọ nínú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń jẹ owó kásúà mọ́lẹ̀, Jákọ́bù orí 5 ni kí ó lọ kà.)

Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí bọ́ọ̀lù rèé. Kí àwa tó lọ Rabat, Burkina Faso ní láti pàdánù. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàlà olè orí àgbélébùú kò dín ìgbàlà Pétérù kù rárá. Ṣùgbọ́n ojú play-off la gbé wọ inú ìjọ. Bí a bá rí ẹni tuntun tí Ọlọ́run bù kún, ọkàn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ọdún mélòó ló ti wà níbí? Ìṣọ́ òru mélòó ló wá?

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí lọ́sẹ̀ yìí. Ọjọ́ Saturday ni ìgbìmọ̀ aláàánú wa máa jókòó kọ orúkọ àwọn tó máa gba ìrẹsì Kérésìmesì, èmi náà sì wà nínú wọn. Mo ti ń gbọ́ ìmọ̀ràn tó ń lọ lábẹ́lẹ̀: kí a fún kìkì àwọn tó ti pé ọdún kan nínú ìjọ, tí wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ déédéé. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé àpò ìrẹsì níye. Kò tó. A ní láti yàn, n ò lè purọ́ pé gbogbo ènìyàn ló máa gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó ẹgbẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, àwọn tó lè san án la máa fún. Arábìnrin tó wọlé ní September, tí wọ́n dá ọkọ rẹ̀ dúró níbi iṣẹ́, á sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo, nítorí pé kò ní póíǹtì. Ẹ jẹ́ ká ti ìbéèrè “ta ló tọ́ sí?” tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo máa bèèrè lọ́jọ́ Saturday ni: ilé wo ni ìkòkò ò ní gorí iná níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì? Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ó láyè, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka Mátíù 20.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Bàbá, o pè wá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè wá, a dúpẹ́. Wo ojú wa sàn. Àwọn ará wa tó dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí, jẹ́ kí wọ́n rí ẹni pè wọ́n, kí wọ́n sì san owó wọn pé. Fún ìgbìmọ̀ wa ní ọgbọ́n àti àánú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ìkéde: Ẹni tó bá mọ ilé kan tí nǹkan ò rọgbọ níbẹ̀, yálà orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọ tàbí kò sí, kí ó fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday tó lù. Ẹ má fi sí orí gúrúpù o, ẹ jọ̀ọ́.