Ta Ni Yóò Pọn Ọmọ Ọ̀ràn?

Òwe kan wà tí a máa ń fi pa òbí lẹ́nu mọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá da ìlú rú: ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. A máa ń gbọ́ ọ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, a sì máa ń gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, níbi tí wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá tàbí ìyá pé kó wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Àwọn ará ilé ti wá ń lò ó fún ẹlòmíràn báyìí. Bí obìnrin tí kò lọ́kọ bá ní òun fẹ́ gba ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tọ́ láti ilé ìtọ́jú ọmọ, tí wọ́n sì gbọ́ pé ọmọ náà ti sùn sábẹ́ afárá rí, pé ó ti jalè rí, òwe yìí kan náà ni wọ́n máa fi dá a dúró. Ẹni tó bí i ló yẹ kó pọ̀n ọ́n. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé wọ́n di òwe náà mú níbi tí kò ti lágbára rárá. Bí a bá yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, ẹ̀yìn obìnrin yẹn ló wà.

Nǹkan méjì ni òwe náà ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo la sì máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí à ń gbọ́ ni ẹni tí ẹrù já lé lórí. Èyí tí a kì í fiyè sí ni pé kò sí àyè kankan nínú òwe yìí fún gbígbé ọmọ ọ̀ràn jù sílẹ̀. Kò ní bí ọ̀ràn bá pọ̀ jù kí òbí sọ ọmọ kalẹ̀. Kò ní kó dúró dìgbà tí ọmọ bá tún ìwà ṣe. Pípọ̀n ni ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n ni ìdájọ́ kejì, ìyẹn sì dúró lórí pé ẹni tó bí i wà ńlẹ̀, pé ó sì lè ṣe é. Bí ìyá bá ti kú, tí bàbá sì ti sá lọ, tàbí tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn òbí gan-an ni ọmọ ti jìyà, ìdájọ́ kejì kò rí ẹni tí yóò bá wí mọ́. Àkọ́kọ́ kò yẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ pé nígbà tí ẹni tó bí i kò sí, kí ẹnikẹ́ni má pọ̀n ọ́n, ohun tí kò sí nínú òwe ló ń fi òwe sọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú. Bí kóòtù bá ti fọwọ́ sí gbígba ọmọ tọ́, alágbàtọ́ ti di òbí, ọmọ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Ìyẹn kì í ṣe ohun àjèjì sí wa tó bí àwọn kan ṣe ń rò. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn tí Mọ̀rèmi fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rúbọ, àwọn ará Ifẹ̀ ní àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un. Odidi ìlú, àtàgbà àtèwe, ló di ọmọ obìnrin kan. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ti dàgbà jù fún ìyá tuntun lè lọ bi wọ́n léèrè ní Ifẹ̀.

Kí wá ni ọ̀ràn ọmọ náà gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé mẹ́ta kó tó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí títí yóò fi bu, nítorí kò dá a lójú pé òun máa jẹun lọ́la. Ó ń purọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan, nítorí níbi tó ti wá, òtítọ́ ní í mú pàṣán jáde. Kì í sunkún bó bá ṣubú. Ó lè máa rọ̀ mọ́ àlejò tí kò rí rí, kó sì máa sá fún ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Bí ìyá alágbàtọ́ bá ṣe dáadáa sí i lọ́sẹ̀ yìí, ó lè fọ́ gbogbo àwo ilé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lè mọ̀ bóyá wọn yóò lé òun bí àwọn ti ìṣáájú ṣe lé òun. Ìwà wọ̀nyí burú nílé tó tòrò. Níbi tó ti kọ́ wọn, àwọn ló jẹ́ kó wà láàyè. Nítorí náà, ọmọ yìí kò rí bí èyí tí a ń torí rẹ̀ fi òwe bá òbí wí. Ìyẹn lè jẹ́ àkẹ́jù ló bà á jẹ́. Ní ti èyí, àgbà ló dá ọ̀ràn, ọmọ ló ń gbé e kiri. Bí a bá ní kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀ ní òun nìkan, a ti dorí òwe kodò: ọmọ la sọ di ẹni tó ń pọ̀n.

Àwọn tó ń ta ko gbígba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́ ní òwe tiwọn, ó sì lágbára: láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀rí wà fún wọn. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní Romania ní 1989, ayé rí àwọn ilé tí wọ́n kó ọmọdé jọ sí láìsí ẹni tó ń gbé wọn mọ́ra. Olùwádìí Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 165 tí àwọn ìdílé ní Bìrìtéènì gbà tọ́ láti Romania, títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tí kò lò ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ìyà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ọmọ mìíràn. Àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣòro bá púpọ̀ nínú wọn dàgbà. Ìrókò jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó pẹ́ yẹn kò ní ìṣòro tó hàn rárá, àti pé àwọn tí ọpọlọ wọn falẹ̀ nígbà èwe ti bá ẹgbẹ́ wọn dọ́gba nígbà tí wọ́n dàgbà. Kò sí èyí tó pé ọdún mẹ́rin nínú wọn nígbà tí wọ́n gbà wọ́n, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọdún mẹ́wàá múra sí ohun tó le ju tiwọn lọ. Kó má retí ọmọ tí kò lápàá lára. Síbẹ̀, ẹni tí ìrókò hù lójú rẹ̀ tó sì wò ó níran ni òwe yẹn ń bá wí. Kò ní ìmọ̀ràn kankan fún ẹni tó bá a lójú ọ̀nà tó ti ga. Bó bá sì jẹ́ pé pípẹ́ ló ń ba nǹkan jẹ́, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀ títí yóò fi pé ogún ọdún.

Ó ku ti ẹni tó dá wà. Òfin 2003 kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí aláìyẹ: ó ní kó ti pé ọmọ ọdún 35, kí obìnrin gba obìnrin, kí ọkùnrin sì gba ọkùnrin. Àmọ́ òfin kì í báni ṣe àìsùn. Bí ara obìnrin náà kò bá dá, bí ilé ìwé bá pè é lójijì nígbà tó wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé lọ sùn, màá dúró tì í. Ibí yìí ni àtakò wọn ti le jù lójú mi, ọ̀rọ̀ dídùn kò sì lè borí rẹ̀. Ohun tí mo ní sí i ni pé àwọn àgbà kò fìgbà kan gbà pé tọkọtaya nìkan tó ọmọ tọ́. Wọ́n ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Kí ni ìyàtọ̀ ojú méjì sí mẹ́rin nígbà tó jẹ́ pé igba là ń wá? Ilé tí bàbá àti ìyá wà tí mọ̀lẹ́bí kankan kì í yà, igba kò pé níbẹ̀. Ẹni tó sì ń bi obìnrin yẹn pé kí ló kàn án wà lára igba náà. Bó bá yọ ojú tirẹ̀ kúrò tán, tó tún ń pariwo pé ojú kò tó, òun ló fà á tí kò fi tó.

Òwe ọmọ ọ̀ràn náà mú alágbàtọ́ pẹ̀lú, àánú lásán kò sì lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tí kóòtù bá fún lọ́mọ ti bí i, ọ̀ràn tó bá sì ṣe láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ ni. Òfin ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á kí kóòtù tó fọwọ́ sí i. Inú oṣù wọ̀nyẹn ni iyèméjì ti láàyè. Lẹ́yìn rẹ̀, bí a bá dá ọmọ padà nítorí pé ó jí owó, a ti jẹ́rìí sí gbogbo ohun búburú tó ti rò nípa àgbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà dín ìbéèrè kù lórí iye yàrá tí ilé ní. Kí wọ́n bi ẹni tó fẹ́ gba ọmọ pé ta lo máa pè bí ọmọ yìí bá sá jáde lóru? Kí lo máa ṣe nígbà àkọ́kọ́ tó bá jalè, kí lo sì máa ṣe nígbà kẹrin? Obìnrin anìkàngbé tó bá lè dárúkọ ẹni mẹ́ta tí yóò wá lóru náà, kí wọ́n fún un lọ́mọ ṣáájú tọkọtaya tó nílé ńlá tí kò rí ẹnì kan pè.