Ẹni Tí Ó Sọ Olú Lórúkọ

Bí òjò bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú Kàdúná, olú kì í pẹ́ yọ orí. A ó rí i ní ẹ̀bá ọ̀gán, ní ìdí kùkùté igi, ní orí ààtàn, àti ní pápá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣeré. Àwa Yorùbá tí a ń gbé Tudun Wada, Kakuri tàbí Sabon Gari ń pè é ní olú. Àwọn Hausa aládùúgbò wa ní ju orúkọ kan lọ fún un. Wọ́n ń pe èyí tí ó ṣeé jẹ ní naman kaza, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹran adìyẹ. Wọ́n tún ní orúkọ kan, laimar kwaɗo, èyí tí ó túmọ̀ sí agboòrùn ọ̀pọ̀lọ́. Ẹran adìyẹ ń pe ènìyàn wá sí ìdí ọbẹ̀. Agboòrùn ọ̀pọ̀lọ́ kò pe ẹnikẹ́ni sí oúnjẹ. Láàrin irú orúkọ méjèèjì yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò wà. Nígbà tí ènìyàn bá na ìka sí olú kan, tí ó sì wí fún ẹlòmíràn pé, “Èyí ṣeé jẹ,” irú ẹrù wo ni ó gbé lé orí ara rẹ̀?

Àwọn baba wa ní, ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ, àdúrà ni. Ẹni tí ó ń jẹ́ Ọláníyì lè tòṣì títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò torí rẹ̀ pe àwọn òbí rẹ̀ ní òpùrọ́. Ti olú kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a bá sọ olú kì í ṣe àdúrà, ẹ̀rí ni. Ẹlòmíràn ni yóò sì fi ikùn rẹ̀ dán ẹ̀rí náà wò.

Báwo ni àwọn àgbà ṣe ń dá olú mọ̀? Kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò; wọ́n ń wo ilé rẹ̀, wọ́n ń wo ìgbà tí ó hù, wọ́n sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ wo olú ọ̀gán. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti fi hàn pé òtítọ́ ńlá wà nínú orúkọ náà. Àwọn ikán kan wà tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀: wọ́n ń kó ewé gbígbẹ àti igi wọ inú ọ̀gán, wọ́n ń sọ ọ́ di ebè tí olú ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ nínú oko wọn náà. Bí òjò bá dé, olú yóò la ilẹ̀ kọjá, yóò sì ṣí agboòrùn rẹ̀ síta. Ní 1942 ni Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ìdílé olú yìí ní Termitomyces, èyí tí ó túmọ̀ sí olú ikán. Ọ̀nà kan náà ni òun àti àwọn baba wa gbà sọ ọ́ lórúkọ: ilé ni wọ́n wò. Ní 1975, B. A. Oso kọ̀wé nípa olú àti àwọn Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia. Ní 1977, ó tún kọ nípa ipò olú nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìṣègùn Yorùbá sínú Economic Botany. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn wá pé ohun tí àgbà mọ̀ nípa igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọnù.

Síbẹ̀, ìmọ̀ àgbà ní ààlà. Ilẹ̀ tí ó ti hù ni ó ti mọ́lẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá kan tí a bí sí ẹ̀bá igbó kìjikìji ní ìhà Oǹdó, tí ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Kàdúná, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀dàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí olú funfun kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkàn rẹ̀ fò sókè, nítorí pé ó rántí ilé. Ó pe aládùúgbò rẹ̀, ó ní, “Ìyá Bọ̀dé, ẹ wá wò ó, èyí ni à ń jẹ ní ilé wa.” Ojú ìyá yìí kò parọ́ fún un, olú náà jọ ti ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti yí padà, kò sì bi ilẹ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ níbi tí ó jìnnà sí wa. Àwọn ènìyàn kan ṣí láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ wọn, wọ́n mọ Volvariella volvacea dáadáa, olú tí ń hù lórí pòròpórò ìrẹsì, tí a sì ń jẹ. Nígbà tí wọ́n dé ìpínlẹ̀ California, wọ́n rí èyí tí ó jọ ọ́, wọ́n sì sè é. Amanita phalloides ni, olú apani tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà ní kékeré, inú àpò bí ẹyin ni wọ́n máa ń wà. Ẹni tí ó bá jẹ olú apani yìí kì í mọ nǹkan kan lára fún bíi wákàtí 6 sí 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò dé. Wọn a sì tún rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí aláìsàn yóò máa dúpẹ́ pé ara ti ń yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni oró náà ń jẹ run. Sísè kò lè pa oró yìí, yíyan kò lè pa á. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òpè ni àwọn tí ó ṣe àṣìṣe náà. Ẹni tí kò mọ olú rárá ì bá ti kọjá lọ. Ìmọ̀ wọn ni ó mú wọn bẹ̀rẹ̀ láti já a.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ẹ̀bi wo ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ó fi ọkàn rere sọ̀rọ̀? Ṣé òun náà kò ní jẹ nínú ọbẹ̀ náà ni?” Ìbéèrè gidi ni èyí. Èmi náà gbà pé kò sí onílàákàyè tí yóò pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní apànìyàn. Ṣùgbọ́n ọkàn rere kò lè fọ oró kúrò nínú olú. Ènìyàn mẹ́ta ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó mọ̀, tí ó sì sọ ohun tí ó mọ̀; ẹni tí kò mọ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀; àti ẹni tí kò mọ̀, tí ó ń fi ohùn ẹni tí ó mọ̀ sọ̀rọ̀. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo wa ni a bí i mọ́. Ẹ̀bi ẹni kẹta wà nínú aṣọ tí ó dà bo àìmọ̀ rẹ̀, nítorí pé aṣọ náà ni ó mú kí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ má béèrè mọ́.

Ǹjẹ́ kí gbogbo wa wá dákẹ́? Rárá o. Bí àgbà bá ń bẹ̀rù àṣìṣe tí kò sì fi olú han ọmọ mọ́, ìmọ̀ náà yóò bá a wọ ilẹ̀, ebi yóò sì máa pa ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Ìdákẹ́jẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á máa fi ìmọ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú ààlà rẹ̀: “Ní ilé wa, ní ìdí ọ̀gán, ní ìgbà òjò, a máa ń jẹ èyí. Níhìn-ín, n kò mọ̀.” Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń bẹ nínú èkejì.

Àwọn onímọ̀ ńlá pàápàá kò sá fún gbólóhùn yìí. Ní 1753, Linnaeus ka olú mọ́ àwọn ewéko. Bẹ̀rẹ̀ láti 1821, Elias Fries, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi àwọ̀ ìyẹ̀fun tí ń dà lábẹ́ agboòrùn olú pín wọn sí ìsọ̀rí. Ní 1969, Robert Whittaker yọ olú kúrò lára ewéko, ó fún un ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1993 ni ẹ̀rí láti inú àjogúnbá ara wọn ti ń fi hàn pé olú súnmọ́ ẹranko ju ewéko lọ. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá rántí ẹran adìyẹ àwọn Hausa! Títí di òní, nǹkan bí 150,000 ni irú olú àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí a ti sọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé iye wọn láyé lé ní mílíọ̀nù 2. Ohun tí a kò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí a mọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó torí èyí ti ilé ẹ̀kọ́ pa.

Ọ̀nà Fries wúlò títí di ìsinsìnyí. Bí a bá gé orí olú tí ó ti là, tí a dojú rẹ̀ bo pépà funfun, tí a sì fi abọ́ dé e mọ́jú, yóò da ìyẹ̀fun tí ó fi ń bí irú rẹ̀ sórí pépà náà. Ti olú ọ̀gán a máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n olú ńlá funfun kan wà tí ó máa ń hù nínú pápá koríko ní ilẹ̀ olóoru, tí a ń pè ní Chlorophyllum molybdites. Ó dára lójú, abẹ́ rẹ̀ sì funfun nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyẹ̀fun rẹ̀ nìkan ni ó ń tú u fó, nítorí pé àwọ̀ ewé ni. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò bì, yóò sì yàgbẹ́ láàrin wákàtí díẹ̀. Àmọ́ ìyẹ̀fun náà kò lè sọ fún wa pé olú kan ṣeé jẹ. Ó lè sọ fún wa pé kí á jù ú nù. Àwọn tí ń sọ pé olú tí ìgbín tàbí kòkòrò bá jẹ kò lóró, irọ́ ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ikùn ìgbín kì í ṣe ikùn ènìyàn. Bákan náà ni fóònù tí ń wo àwòrán olú tí ó sì ń dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fóònù kò gbọ́ òórùn, kò rí ìdí tí ó wà nínú ilẹ̀, kò sì ní ikùn tí yóò run ún.

Kí ni èyí kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́? Ó kàn wá gidigidi. Lọ́la, a ó dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà pé ohun gbogbo ni olùkọ́ mọ̀. Ọmọ kan yóò mú ohun tí ó já lẹ́yìn ilé-ìwé wá, yóò ní, “Olùkọ́, kí ni èyí?” Nínú àṣà wa, ó ṣòro fún àgbà láti sọ níwájú ọmọdé pé òun kò mọ̀, a máa ń rò pé iyì wa yóò wọmi. Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn baba wa náà ni wọ́n ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àgbà tí ó bá béèrè kò tí ì sọ ipò àgbà nù. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé, “N kò mọ̀, má fi sẹ́nu, jẹ́ kí á lọ béèrè,” ti kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ tí yóò bá a dé ilẹ̀ èyíkéyìí tí ó bá ṣí lọ. Ẹni tí ó bá sọ orúkọ tí kò mọ̀ kí ojú má baà tì í, ojú ara rẹ̀ ni ó gbà là. Ikùn ọmọ ọlọ́mọ ni ó fi dúró.